Apidán Orí Kọ̀ǹpútà: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ VFX ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Ní oṣù Èrèlé ọdún 1826, Aláàfin Májọ̀tú ní kí àwọn eégún aláré wá ṣeré fún àlejò òyìnbó kan, Hugh Clapperton, ní Ọ̀yọ́-Ilé. Òyìnbó náà kọ ohun tó rí sínú ìwé ìrìn àjò rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1829, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àwọn kan tàkìtì nínú àpò. Òjòlá kan yọrí láti inú àpò mìíràn, ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 14, ó ń la ẹnu bí ẹni fẹ́ bu ènìyàn jẹ. Aṣọ tí wọ́n kùn ni, ènìyàn ló sì wà nínú rẹ̀ tó ń darí rẹ̀. Níkẹyìn ni òyìnbó kan jáde, ó funfun báláú, ó rù kan eegun, òtútù ń mú un, ó ń fín áṣáà, gbogbo èrò ìwòran sì bú sẹ́rìn-ín. Clapperton mọ̀ pé irú òun ni wọ́n ń fi ṣe.

Ó ti ń lọ sí igba ọdún báyìí. Ọ̀yọ́-Ilé ti di ahoro, Ọ̀yọ́ Àtìbà ló kù, ṣùgbọ́n ìtàn Ọ̀yọ́ kò kúrò lójú agbo. Inú fíìmù ló kó lọ, àwọn tó sì ń pidán inú rẹ̀ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. VFX ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà: gbogbo ohun tí kámẹ́rà kò rí níbi tí wọ́n ti ya fíìmù, àmọ́ tí òǹwòran gbọ́dọ̀ rí. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni bóyá ọmọ Ọ̀yọ́ tàbí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó yan iṣẹ́ yìí láàyò lè fi jẹun láìjẹ́ pé ó kó lọ sí Èkó tàbí òkè òkun. Ọ̀pọ̀ ni yóò ní iná ìjọba ni ìdíwọ́, àwọn mìíràn yóò ní owó kọ̀ǹpútà ni. Òótọ́ ni méjèèjì. Síbẹ̀, lójú tèmi, ohun tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní jàm̀bá jù lọ ni pé ìgbà tí wọ́n bá ya fíìmù tán ni wọ́n ń wá ẹni tí yóò ṣe é.

Kí ọ̀rọ̀ lè yé wa, ẹ jẹ́ ká wo ilà ojú nìkan. Samuel Johnson, àlùfáà tó ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yọ́, tó parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá ní 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, to àwọn ilà lẹ́sẹẹsẹ: àbàjà, kẹ́kẹ́ tàbí gọ̀ǹbọ́, pélé, túrè. Fíìmù tó bá sọ̀rọ̀ ayé Ọ̀yọ́ àtijọ́ kò lè máa kó kìkì olójú òbòrò síta. Bẹ́ẹ̀, àwọn òṣèré ìwòyí kò kọlà. Tìróò ni wọ́n sábà fi ń kọ ọ́ fún wọn. Oòrùn á mú, òógùn á bo ojú, ilà á ṣàn. Nígbà tí wọ́n bá sì tún un kọ lọ́jọ́ kejì, àbàjà mẹ́rin á ti di mẹ́ta, tàbí kí ó sún sókè díẹ̀. Òǹwòran tó mọ̀lú yóò rí i.

Ẹni tó ń ṣe VFX lè fi kọ̀ǹpútà kọ ilà náà. Yóò kọ́kọ́ wá àmì tí kì í yẹ̀ ní ojú òṣèré: igun ojú, ihò imú, àpá kékeré kan ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kọ̀ǹpútà yóò máa tẹ̀ lé àwọn àmì wọ̀nyí bí orí ṣe ń yí. Lẹ́yìn náà ni yóò wá tẹ ilà mọ́ awọ ara. Àmọ́ ilà kì í ṣe tádàwà. Ó jinlẹ̀, ó ní òjìji tirẹ̀, nígbà tí òṣèré bá sì rẹ́rìn-ín, ilà ń fà, ó ń kákò pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ọwọ́ òsì wá, òjìji ilà gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ ọ̀tún. Tí òṣèré bá wá gbé ọwọ́ kọjá lójú ara rẹ̀, wàhálà dé nìyẹn, nítorí ilà yóò hàn lórí ọwọ́. Ènìyàn gbọ́dọ̀ jókòó, kí ó gé ìrísí ọwọ́ yẹn kúrò ní àwòrán kọ̀ọ̀kan. Rotoscoping ni wọ́n ń pè é. Àwòrán 24 ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìran tó bá gùn tó ìṣẹ́jú àáyá 8 péré, àwòrán 192 ni. Lẹ́yìn gbogbo làálàá yìí, bí iṣẹ́ bá dára, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ṣe ohunkóhun.

Bí púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí ṣe rí nìyẹn. Iná àti dírágónì ni ọ̀dọ́ máa ń rò, ṣùgbọ́n òpó iná ló pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n ya ìran ayé Aláàfin Abíọ́dún, wáyà gba ojú ọ̀run kọjá, òrùlé páànù ń dán lẹ́yìn igi, àmì táyà ọ̀kadà wà nínú yẹ̀pẹ̀. Ẹnì kan ni yóò pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Àfikún náà ń bẹ: ogún jagunjagun tí yóò di ẹgbẹ̀rún, odi ìlú tí yóò ga, ààfin tí yóò ní kọ̀bì rẹpẹtẹ. Àwókù Ọ̀yọ́-Ilé wà nínú igbó tí ìjọba fi ṣe Old Oyo National Park, kò sí bí a ṣe lè ya ìlú náà bí ó ti rí nígbà ayé rẹ̀ àfi ká fi kọ̀ǹpútà kọ́ ọ. Ẹni tó sì ń fún ẹranko tàbí ẹbọra ní ìrìn, ìmí àti ìwúwo ni animator gan-an. Ní ilé iṣẹ́ ńlá, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ní ẹ̀ka tirẹ̀. Níhìn-ín, ẹyọ ènìyàn kan ló ń ṣe gbogbo rẹ̀, òun náà ló tún ń ṣe ẹ̀dítọ̀.

Iṣẹ́ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Apidán ni Georges Méliès ní Paris kó tó di onífíìmù, òun ló sì fi ìdádúró kámẹ́rà sọ ènìyàn di àwátì. Fíìmù ìrìn àjò sí òṣùpá tó ṣe ní 1902 ṣì ń jẹ́ ohun àmúpìtàn. Nílé wa, Hubert Ògúndé gbé Aiyé jáde ní 1979, Ọlá Balógun sì ni olùdarí rẹ̀. Jáiyésinmi tẹ̀ lé e ní 1980. Àjẹ́ di ẹyẹ níbẹ̀, ènìyàn pòórá, ẹ̀tàn kámẹ́rà ló sì gbé gbogbo rẹ̀ ró. Nígbà tí fíìmù orí fídíò gbòde lẹ́yìn náà, owó kò tó ti Ògúndé mọ́, iná pupa tó ń ti ojú babaláwo jáde ló wá di àṣà. Ó wọ́pọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ òǹwòran gbà pé ibi tí agbára wa mọ nìyẹn.

Ní 2010 ni Níyì Akínmọ́láyan gbé Kajola jáde, fíìmù nípa ọjọ́ iwájú tó kún fún VFX. Àríwísí tó gbà lé kenkà. Kò pa iṣẹ́ tì. Ilé iṣẹ́ Anthill Studios tó ń darí ti di ọ̀kan nínú ibi tí wọ́n mọ̀ mọ iṣẹ́ yìí ní Èkó. Mo ka ìyẹn sí pàtàkì ju fíìmù náà fúnra rẹ̀ lọ, torí pé iṣẹ́ tí a kò fi ojú gbogbo ayé kọ́ ṣòro láti mọ̀.

Ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ni ìtàn wá padà sí Ọ̀yọ́ pátápátá. Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan ṣe jáde lórí Netflix ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún 2022. Ìgbà ayé ìjọba Ọ̀yọ́ àtijọ́ ni ìtàn rẹ̀ wà, Ìgbòjàyè ní Òkè-Ògùn, nínú ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ níbí, sì ni wọ́n ti kọ́ abúlé fíìmù tí wọ́n ti yà á. Fẹ́mi Adébáyọ̀ gbé Jagun Jagun jáde ní 2023, Bọ́láńlé Austen-Peters gbé House of Ga'a jáde ní 2024 lórí Baṣọ̀run Gáà, olóyè ńlá kan ní Ọ̀yọ́ àtijọ́. Mo gbádùn Aníkúlápó: aṣọ rẹ̀, èdè rẹ̀ àti ilé amọ̀ rẹ̀ kún ojú. Ẹyẹ àkàlà tó jí òkú dìde ni kò tẹ́ mi lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹyẹ ńlá bá bà sílẹ̀, ilẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n lára: ewé á fò, eruku á sọ, ẹsẹ̀ á tẹ̀ kó tó gbéra padà. Ìwúwo yẹn ni mo wá tí n kò rí. Ẹ̀bi rẹ̀ kò dandan kó jẹ́ ti ẹni tó dá ẹyẹ náà. Àkókò tí wọ́n fún un, àti bí wọ́n ṣe ya ilẹ̀ tí ẹyẹ yóò bà sí, wà nínú rẹ̀.

Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ní ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ náà. Adébáyọ̀ Fálétí, ọmọ Ọ̀yọ́, wà ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ní Ìbàdàn láti ìbẹ̀rẹ̀ ní 1959, iṣẹ́ àtòjọ àti ìgékúrò fíìmù ló sì ṣe níbẹ̀, kó tó di pé eré oníṣe rẹ̀ lórí Baṣọ̀run Gáà mú orúkọ rẹ̀ kàn. Lérè Páímọ́, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló gbé Ogbórí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ kalẹ̀, ìtàn bí Ṣọ̀ún Ògúnlọlá ṣe ṣẹ́gun Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, jagunjagun tó ń da Ọ̀yọ́ láàmú. Àwọn baba wọ̀nyí lo ohun tí ọjọ́ wọn fún wọn.

Ohun tí ọjọ́ tiwa fún wa pọ̀. Blender, sọ́fítíwíà tí ènìyàn fi ń mọ nǹkan, tó fi ń mú un rìn, tó sì fi ń yí i padà sí fíìmù, ọ̀fẹ́ ni láti 2002 tí wọ́n ti ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Fíìmù ológbò kan tí wọ́n ń pè ní Flow, tí Gints Zilbalodis láti Latvia darí, Blender ni wọ́n fi ṣe é, ó sì gba ẹ̀bùn Oscar fún fíìmù aláwòrán tó dára jù lọ ní 2025. Nítorí náà, ẹni tó bá ní sọ́fítíwíà olówó gọbọi ni kò jẹ́ kí òun bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kó tún rò ó.

Ẹ̀kọ́ ńkọ́? Orí YouTube ni ọ̀pọ̀ ti ń kọ́ ọ, lóru tí dátà bá pọ́ọ́kú. Ìjọba àpapọ̀ fi ẹ̀ka animation kún 3MTT, ètò ìkọ́ni ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2023. Àmọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ ní ohun tí ọ̀pọ̀ ìlú kò ní. Yunifásítì LAUTECH, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990, ní ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ó sì tún ní ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà. VFX bára mu pẹ̀lú méjèèjì: ẹni tó mọ̀ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń bà lórí amọ̀, àti ẹni tó lè kọ ètò kékeré tí yóò mú kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ní wákàtí kan. Bí wọ́n bá fún akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka méjèèjì ní iṣẹ́ àṣekágbá kan ṣoṣo láti jọ ṣe, ẹgbẹ́ VFX ti dé nìyẹn, láìná kọ́bọ̀ lé ilé tuntun.

Ọ̀yọ́ náà ní tirẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ àkànṣe wà níbẹ̀ láti 1977, àwọn adití sì wà lára àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Iṣẹ́ ojú ni VFX. Ẹni tó ń gé àwòrán, tó ń tẹ ilà mọ́ ojú, tó ń pa wáyà rẹ́, kò nílò kó gbọ́ ohun tí òṣèré ń sọ kó tó ṣe é dáadáa, ìwé kíkọ ni ilé iṣẹ́ sì sábà fi ń tọ́ka àtúnṣe fún un. Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn tó ń wá iṣẹ́ fún adití kì í dárúkọ èyí.

Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, ibi gígé àti ìparẹ́ ni kó ti bẹ̀rẹ̀, kó bọ́ sórí títẹ̀ lé ìrìn kámẹ́rà, kó tó wá dé ibi tí wọ́n ti ń pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe animator, kó lọ wo màlúù ní ọjà, kó wo bí èjìká rẹ̀ ṣe ń gbé ara kó tó gbé ẹsẹ̀. Fídíò àfihàn iṣẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú kan sí méjì lọ. Kó fi ìran òpó iná tó pa rẹ́ síbẹ̀, kó fi bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ hàn. Ọ̀gá tó fẹ́ gba ènìyàn síṣẹ́ á mọyì ìyẹn ju dírágónì tó ń fò nínú òkùnkùn.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ iná. Lẹ́yìn tí a bá ti to gbogbo nǹkan tán, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ṣírò àwòrán kọ̀ọ̀kan: render ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ká ní ìṣẹ́jú 10 ni àwòrán kan ń gbà. Ìran ìṣẹ́jú àáyá 5 jẹ́ àwòrán 120. Ìṣẹ́jú 1,200 nìyẹn, wákàtí 20 gbáko. Ní àdúgbò tí iná kì í dúró tó wákàtí mẹ́fà lóòjọ́, jẹnẹrétọ̀ ló kù, epo bẹntiróòlù kì í sì í ṣe ohun tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ lè fọwọ́ sọ̀yà mọ́ láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ ní 2023. Àwọn tó mọ iṣẹ́ kì í jẹ́ kí kọ̀ǹpútà to àwòrán pọ̀ di fídíò lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fi í pa mọ́, bó bá jẹ́ pé iná lọ ní àwòrán 87, ibẹ̀ ni wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ padà, wọn kò ní tún ti orí bẹ̀rẹ̀. Káàdì àwòrán tó yára máa ń jẹ iná gan-an, kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ sólà ló lè gbé e. Náírà tó já wálẹ̀ láti oṣù Òkúdù 2023 sì ti sọ káàdì náà di ohun tí ìdílé ń kó owó jọ fún. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ọ̀dọ́ mẹ́rin tí wọ́n jọ ní kọ̀ǹpútà kan tó lágbára, sólà kan àti yàrá kan yóò jìnnà ju ọ̀dọ́ mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní lápútọ̀ọ̀pù tirẹ̀ lọ. Lápútọ̀ọ̀pù náà kò ní ṣòfò. Ibẹ̀ ni wọn yóò ti máa gé àwòrán ní ọ̀sán.

Fáìlì fíìmù tún wúwo. Fífi dátà gbà á láti Èkó lè jẹ owó iṣẹ́ tán. Kí wọ́n dì í sínú hard drive, kí awakọ̀ gbé e láti gáréèjì, ló sábà rọrùn jù, bí ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ bá gbà.

Àwọn kan ń wojú òkè òkun. Iṣẹ́ ibẹ̀ wà, torí pé ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì ti ń gbé iṣẹ́ gígé àwòrán fún àwọn ará Íńdíà láti ọjọ́ pípẹ́. Àmọ́ ẹ má ṣe rò pé ìbàlẹ̀ ọkàn wà níbẹ̀. Rhythm & Hues, tó ṣe ẹkùn inú Life of Pi, kéde gbèsè ní oṣù Èrèlé 2013; kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí fíìmù yẹn gba Oscar fún VFX. Technicolor, tó ni ilé iṣẹ́ VFX tó ń jẹ́ MPC, wó ní 2025. Ní 2024, Prime Video dáwọ́ dúró lórí fífi owó síṣẹ́ fíìmù tuntun nílẹ̀ Áfíríkà. Ọgbọ́n àtọwọ́dá sì ti ń gé àwòrán ní ìṣẹ́jú díẹ̀, èyí tó ń ba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́rù, nítorí ibi tí gbogbo wọn ń gbà wọlé nìyẹn. Ní tèmi, ẹ̀rù yẹn tọ́. Ibi tí mo ti rí ìrètí ni pé ẹ̀rọ náà kò mọ àbàjà yàtọ̀ sí pélé, kò mọ bí kọ̀bì ààfin ṣe ń yọrí síwájú, ẹni tó mọ̀ ọ́n ló máa tọ́ ọ sọ́nà. Ẹni tó dàgbà sí Àkèsán ní Ọ̀yọ́ tàbí sí Ògbómọ̀ṣọ́ ti mọ̀ nínú rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà.

Mo wá padà sí ohun tí mo sọ lókè, pé ẹ̀yìn ìyafíìmù ni wọ́n ń wá ẹni tí yóò ṣe VFX. Nínú ẹgbẹ́ eégún aláré, ẹni tó wọ inú aṣọ òjòlá kì í ṣe ẹni tí wọ́n lọ pè lẹ́yìn tí eré parí. Onílù mọ ìgbà tó máa yí aṣọ padà, àwọn elégbè mọ ibi tí wọ́n máa dúró sí kí ojú èrò má baà rí i. Idán náà wà nínú eré láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú fíìmù wa, olóòtú á ya fíìmù tán, á náwó tán, á wá gbé hard drive wá: "Ẹ bá mi fi iná sí ẹnu Ṣàngó, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la ó gbé e sórí YouTube." Nígbà yẹn, kámẹ́rà ti gbọ̀n, òṣèré ti wo ibi tí kò yẹ, iná kankan kò tan sí ojú àwọn tó yí Ṣàngó ká. Kò sí ìmọ̀ tó lè mú kí irú iná bẹ́ẹ̀ jọ òótọ́. Wọ́n á wá ní ọmọ náà kò mọ iṣẹ́, wọ́n á dá owó tó kù dúró.

Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe kò wọ́n. Kí ẹni tó máa ṣe VFX ka ìtàn kí wọ́n tó yà á. Kí ó wà níbi ìyafíìmù lọ́jọ́ ìran tó kàn án. Kí wọ́n ya ibẹ̀ lófìfo fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lẹ́yìn tí àwọn òṣèré bá kúrò. Kí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù aláwọ̀ eérú síwájú kámẹ́rà kí ó lè mọ ibi tí oòrùn ti wá. Kí ẹnì kan di iná gidi mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà kí pupa rẹ̀ bà lójú àwọn ìlàrí tó yí Ṣàngó ká. Wákàtí kan ni gbogbo èyí ń gbà, ó sì ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta là lẹ́yìn. Ní ti owó, kí ìdajì wọlé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ìyókù wọlé kí fáìlì tí kò ní àmì lára tó jáde, kí orúkọ ọmọ náà sì wà níparí fíìmù pẹ̀lú ti oníkámẹ́rà. Nínú iṣẹ́ yìí, orúkọ tó wà níparí fíìmù ni ìwé ẹ̀rí.

Ká ní ẹnì kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ fẹ́ tún ìtàn Ògúnlọlá ṣe lónìí. Ìran tó ṣòro jù ni ibi tó ti gbé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ dé iwájú Aláàfin. Ṣé a ó rí orí náà, àbí inú àpò ni yóò wà? Bí a bá máa rí i, ìwọ̀n ìgbà mélòó, láti ibo, nínú oòrùn ọ̀sán àbí lábẹ́ kọ̀bì? Orí tí a fi igi gbẹ́, tí kọ̀ǹpútà kàn fi ìṣẹ́jú àáyá méjì tún ojú rẹ̀ ṣe, owó díẹ̀ ni. Orí tí kámẹ́rà yí po, tí ojú rẹ̀ ṣì ń ṣẹ́, iṣẹ́ oṣù kan ni fún ẹni mẹ́ta. Olùkọ̀tàn kò lè dá mọ̀ ọ́n, apidán nìkan kò sì lè dá pinnu rẹ̀. Kí wọ́n jọ jókòó ti ìwé eré kó tó di pé ẹnikẹ́ni pe òṣèré, kí wọ́n lọ sí abẹ́ igi Àjàgbọn, ibi tí ìtàn ní Ògúnlọlá tẹ̀dó sí, kí wọ́n yà á láti ìhà gbogbo, kí wọ́n wọn gíga rẹ̀, kí wọ́n tó wá sọ iye tí fíìmù yóò ná wọn.